Omi Tuntun Rú ní Dallas

Omi tuntun ti rú, ẹja tuntun ti wọnú ẹ̀. Àwọn tó kọ́kọ́ pa òwe yìí mọ odò, wọn ò mọ Dallas. Ṣùgbọ́n ohun tí ìjọba Texas ti ń fi bílíọ̀nù dọ́là wádìí láti ọjọ́ tó ti pẹ́, òwe yìí ti sọ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọgbọ́n ìjọba kò lé ní ẹyọ kan. Ọ̀nà kún? Ẹ fẹ̀ ẹ́. Ó tún kún? Ẹ tún un fẹ̀. Níbi tí US 75 ti pàdé I-635, èyí tí gbogbo ìlú ń pè ní LBJ, wọ́n to afárá léra wọn ní ipele márùn-ún. Wọ́n parí rẹ̀ ní 2005, ó jẹ nǹkan bíi mílíọ̀nù 261 dọ́là. Àlejò tó bá ti Ìbàdàn dé máa ń ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sílé. Ẹni tó ń gbabẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ náà ráyè ya fọ́tò dáadáa, torí pé ọkọ̀ rẹ̀ dúró gbári.

Houston tilẹ̀ ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2008, wọ́n fẹ òpópónà Katy títí ó fi tó ojú ọ̀nà 26 níbi tó gbòòrò jù, tí a bá ka ti ẹ̀gbẹ́ mọ́ ọn. Kí ó tó di 2014, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ìrọ̀lẹ́ ti tún gùn sí i. Kí ló fà á? Ẹni tó ń jí jáde ní aago márùn-ún gbọ́ pé ọ̀nà ti ṣí, ó sùn di méje. Ẹni tó ń wọ bọ́ọ̀sì lọ ra jíìpù. Àwọn kọ́lékọ́lé sáré lọ ra oko lẹ́yìn ìlú, wọ́n kọ́ ilé sí i, gbogbo onílé sì gbé ọkọ̀ sójú ọ̀nà náà: ti bàbá, ti ìyá, àti ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 16. Ní 2011, àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé méjì, Gilles Duranton àti Matthew Turner, fi ìṣirò hàn pé bí ọ̀nà ṣe ń pọ̀ tó ní àwọn ìlú Amẹ́ríkà ni ìrìn ọkọ̀ ń pọ̀ tó. Ìyá ẹlẹ́ja ní Ẹ̀pẹ́ ì bá ti sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn láìgba kọ́bọ̀.

Nígbà tí omi kò gba ẹja mọ́, ìjọba ní kí wọ́n kúkú máa ta omi ọ̀hún. Lórí LBJ, wọ́n gbẹ́lẹ̀, wọ́n la ojú ọ̀nà olówó sísàlẹ̀, wọ́n sì gbé e fún ilé-iṣẹ́ aládàáni fún ọdún 52. Iṣẹ́ náà parí ní 2015, ó lé ní bílíọ̀nù 2.5 dọ́là. Owó ibodè ibẹ̀ kì í dúró lójú kan: bí ọkọ̀ bá ṣe ń pọ̀ ni ó ń gbówó lórí. Nọ́ọ̀sì tó ń lọ síṣẹ́ alẹ́ á gbójú sókè wo pátákó iná, á máa ṣírò iye ìṣẹ́jú tó fi ń pa owó yẹn. Kí n má purọ́, ẹni tó bá san án ń lọ geere. London náà ti ń gba owó lọ́wọ́ onímọ́tò láti 2003, New York sì bẹ̀rẹ̀ ní January 2025. Ṣùgbọ́n níbẹ̀, ẹni tí kò bá fẹ́ sanwó á bọ́ sínú ọkọ̀ ojú irin. Ní Dallas, á padà sínú họ́ọ̀dọ́ọ̀pù.

Bẹ́ẹ̀ Texas yìí kan náà mọ bí wọ́n ṣe ń wó ibodè. Ọ̀nà olówó láti Dallas sí Fort Worth ṣí ní 1957. Nígbà tí gbèsè rẹ̀ tán, ní ìparí 1977, wọ́n dáwọ́ owó gbígbà dúró. Òun ni à ń pè ní I-30 lónìí.

Kì í ṣe pé rélùwéè kò sí ní Dallas. Àwọn olùdìbò fọwọ́ sí DART, àjọ ọkọ̀ èrò ibẹ̀, ní 1983, ọkọ̀ ojú irin rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní 1996. Kò tiẹ̀ dé Arlington, ìlú àwọn tó sún mọ́ 400,000, níbi tí àwa Yorùbá ti ń ṣe òwàḿbẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n ti gbé ọ̀rọ̀ owó-orí ọkọ̀ èrò síwájú olùdìbò ibẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n ní rárá, ti ìkẹyìn ní 2002. Ìlú yìí ni FIFA wá pín ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 9 fún nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2026, kò sí pápá mìíràn tó gba tó bẹ́ẹ̀.

Kí ará Èkó má rẹ́rìn-ín o. Gómìnà Jakande bẹ̀rẹ̀ rélùwéè ìgboro ní 1983, ìjọba ológun Buhari fagi lé e ní 1985, ó di 2023 kí Blue Line tó gbérò. Ṣáájú ti Jakande, láwọn ọdún 1970, ìjọba ológun ní kí ọkọ̀ máa pín ọjọ́ jáde bí nọ́ńbà wọn bá ṣe rí. Olówó Èkó dá wọn lóhùn: ó lọ ra ọkọ̀ kejì.

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Arlington, tẹ́ ẹ ti di ọmọ onílẹ̀, tẹ́ ẹ ní ìwé ìdìbò: bí wọ́n bá tún gbé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ èrò wá síwájú yín, ẹ tètè kúrò nílé, torí ọ̀nà á kún, kẹ́ ẹ sì lọ dìbò bẹ́ẹ̀ ni.