Sí Àìná, Ará Madagásíkà

Àìná àbúrò mi,

Ìròyìn rẹ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Wọ́n ní níbi ìkómọ tí ẹ ṣe lọ́jọ́ Sátidé, àna rẹ kan bi ọ́ pé kí ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ, ìwọ náà tún gèlè ṣe, o ní "ìyè" ni, pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè é ní Madagásíkà. Àìná, ta ni tiwa ní Madagásíkà?

Mo yẹ̀ ẹ́ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, o ò kúkú purọ́. Ìyè ni "aina" nínú èdè Malagasy. Lọ́dọ̀ àwọn ará Finland, "nígbà gbogbo" ni, èyí sì bá ọ mu díẹ̀, torí ìgbà gbogbo lo máa ń pẹ́ dé òde. Àwọn ará Catalonia ní tiwọn ń jẹ́ ẹ bí ẹni ń jẹ́ Anna. Ó ku kí o sọ pé o bá ọba Spain tan! Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọ, iwájú ilé ìgbẹ̀bí ni Bàbá ti ń rìn síwá sẹ́yìn, tí agbẹ̀bí fi yọjú, ó ní obìnrin ni, ó gbé ìwọ́ kọ́rùn. Ọ̀rọ̀ parí. Ká ní ọkùnrin ni ọ́, Òjó là bá máa pè ọ́. Orúkọ àmútọ̀runwá kì í dúró de ìpàdé ẹbí: Dàda gbé irun tirẹ̀ dé, Ìgè fi ẹsẹ̀ ṣáájú, Àjàyí dojú bolẹ̀, ìwọ wé gèlè mọ́ ọrùn.

Má wá tìtorí ìyẹn máa fọ́nnu o. Bí ọmọ kan nínú mẹ́rin ló ń gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé. Nọ́ọ̀sì òde òní á kàn fi ìka méjì bọ́ ọ kọjá orí ọmọ, kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Mélòó nínú àwọn Jennifer àdúgbò yín ni Àìná tí nọ́ọ̀sì fi pa mọ́!

Ó ti pẹ́ tí o ti ń tún orúkọ yìí ṣe. Nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, "àìnà" lo pè é, o ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ nà ọ́. Ọmọ orógùn ni Màmá fi kọ́ ọ ní ohùn tó tọ́.

Tó bá sì jẹ́ gbajúmọ̀ lò ń wá, Àìná kan ti mọ Ọbabìnrin Victoria. Ọmọ Òkè-Odàn ni. Ogun Dàhòmì kó o lẹ́rú ní 1848. Ní 1850, Gézò, ọba Dàhòmì, fi í ta Victoria lọ́rẹ. Forbes, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi tó mú un lọ, fi orúkọ ara rẹ̀ àti ti ọkọ̀ rẹ̀ sọ ọ́: Sarah Forbes Bonetta. Àbí o rí i, orúkọ ọkọ̀! Síbẹ̀, nígbà tó ń fẹ́ James Davies ní Brighton ní 1862, "Ina" ló ṣáájú gbogbo rẹ̀ nínú ìwé ìgbéyàwó.

Ti òde òní náà wà: níbi ìdíje ife ẹ̀yẹ bọ́ọ̀lù Áfíríkà tó wáyé ní Côte d'Ivoire ní 2024, Ọlá Àìná àti Semi Àjàyí jọ ṣọ́ ẹ̀yìn fún Super Eagles. Mo ti bá ọ ra jẹ́sì kan. Orúkọ rẹ ti wà lẹ́yìn rẹ̀ gàdàgbà. Ìwọ lo máa sanwó.

Ẹ̀gbọ́n rẹ ni.