Aago Mẹ́ta Ò Tíì Lù

Bí oṣù kẹsàn-án bá ti ń parí lọ ní New England, ìhà àríwá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, àwọn tó ní kámẹ́rà kì í lè jókòó sílé mọ́. Nǹkan mẹ́ta ló máa ń bọ́ sí àsìkò kan náà níbẹ̀. Àwọn àbùùbùtán ṣì ń jẹun lójú òkun Massachusetts kí wọ́n tó gbéra lọ sí gúúsù, àwọn ẹyẹ tó ń bọ̀ láti Kánádà ń kọjá lójú ọ̀run, ewé orí igi sì ń pọ́n láti orí àwọn òkè New Hampshire sọ̀ kalẹ̀ wá sí etíkun. Ìdí nìyí tí àwọn afinimọ̀nà fi ń gbowó lọ́wọ́ èèyàn, tí wọ́n ń kó wọn sínú bọ́ọ̀sì kékeré, tí wọ́n sì ń mú wọn káàkiri láti ìdí àbùùbùtán dé ìdí ewé. Iṣẹ́ tó dára ni. Àwọn kan lára oníbàárà wọn ni kò dára.

Ẹ jẹ́ ká pe ọ̀kan nínú wọn ní Onífótò. Ọmọ Yorùbá ni, Worcester ló ń gbé. Kámẹ́rà rẹ̀ tuntun, lẹ́ǹsì rẹ̀ gùn, ó sì ti wo fídíò lórí íntánẹ́ẹ̀tì débi pé kò rí ohun tí ẹnikẹ́ni tún fẹ́ kọ́ ọ. Kí ẹ má baà máa bi ara yín léèrè ẹni tó jẹ́, èmi tí mò ń kọ̀wé yìí náà ni. Ojú ló ń tì mí láti máa sọ pé "mo ṣe báyìí, mo ṣe báyìí." Bí mo bá ti pè é ní "ó," ó máa ń ṣe mí bíi pé ẹlòmíràn ló jẹ̀bi.

Ibi tí ọkọ̀ wọn kọ́kọ́ forí lé ni Stellwagen Bank, òkìtì iyanrìn ńlá kan tó wà lábẹ́ òkun láàárín Cape Ann àti Cape Cod. Ọmọ ogun ojú omi kan tó ń jẹ́ Henry Stellwagen ló wọn ibẹ̀ sórí máàpù ní 1854, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é. Ní 1992, ìjọba Amẹ́ríkà sọ ọ́ di ibi ààbò, máìlì 842 níbùú lóòró. Bí omi bá ń ṣàn kọjá nísàlẹ̀, á kọlu ẹ̀gbẹ́ òkìtì náà, á sì ru oúnjẹ tó wà nísàlẹ̀ sókè. Àwọn ẹja tín-ín-rín tí wọ́n ń pè ní sand lance á wá a wá, àbùùbùtán á sì wá àwọn ẹja náà wá. Èyí tí wọ́n sábà máa ń rí níbẹ̀ ni humpback, tó lè gùn tó 50 ẹsẹ̀ bàtà, tó sì lè wúwo tó 40 tọ́ọ̀nù. Nígbà òtútù, wọn á lọ sí omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ní Caribbean láti gùn àti láti bímọ, wọn kì í sì í fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ nǹkan kan lọ́hùn-ún. Ohun tí wọ́n bá jẹ ní Massachusetts ni wọ́n fi ń gbé e.

Onífótò náà jẹun. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti fi ọbẹ̀ ẹ̀gúsí gbé ẹ̀bà mì, torí ó ní èèyàn kì í fi inú òfìfo lọ sójú òkun. Afinimọ̀nà ti sọ fún wọn ní èbúté pé kí ẹni tí òkun máa ń dà láàmú lo oògùn èébì ní nǹkan bíi wákàtí kan kí ọkọ̀ tó ṣí, torí pé bí èébì bá ti bẹ̀rẹ̀, oògùn ò ní ráyè jókòó sínú mọ́. Onífótò fi rẹ́rìn-ín. Òun tó ti wọ ọkọ̀ ojú omi láti Èkó dé Ìkòròdú!

Ọjọ́ ò tíì gorí aago mọ́kànlá àárọ̀ nígbà tí ohùn kan jáde látinú ẹ̀rọ gbohùngbohùn ọkọ̀ náà: àbùùbùtán, aago mẹ́ta!

Onífótò wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ọlọ́run nìkan ló mọ bí àwọn èèyàn wọ̀nyí ṣe ń bá ẹran inú omi dá ìgbà, àmọ́ bó bá jẹ́ aago mẹ́ta ni, àyè ṣì wà. Ó jókòó, ó tú lẹ́ǹsì kúrò lára kámẹ́rà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún jẹ́jẹ́. Àwọn yòókù ti rọ́ lọ sápá ọ̀tún ọkọ̀, wọ́n ń kígbe, kámẹ́rà wọn ń dún tá-tá-tá. Ó ń wò wọ́n, àánú wọn ń ṣe é. Òyìnbó ò ní sùúrù.

Ìyá àgbà kan tó jókòó tì í ló là á lójú. Nínú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, iwájú ni aago méjìlá, ẹ̀yìn ni aago mẹ́fà, ọwọ́ ọ̀tún ni aago mẹ́ta, ọwọ́ òsì ni aago mẹ́sàn-án. Gbogbo ẹni tó ń fini mọ̀nà lójú òkun ló ń lò ó. Ìgbà tí ó máa fi gbọ́ àlàyé yìí tán, àbùùbùtán méjì ti dágbére.

Ó fò dìde. Ibi tó ti ń sáré lọ sápá ọ̀tún ni òkun ti rántí ẹ̀bà. Ó wá gbé oògùn mì nígbà náà, òun àti ẹ̀gúsí sì jọ padà jáde. Ẹni tó bá máa bì nínú ọkọ̀ ojú omi, ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ lọ ló yẹ kó kọjú sí. Ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀ ni Onífótò kọjú sí. Ẹ̀wù òtútù rẹ̀ gba ìpín tirẹ̀, lẹ́ǹsì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ nù tán gba tirẹ̀, ọkùnrin kan tí kò ṣẹ̀ ẹ́ rí náà ò gbẹ́yìn.

Ó yẹ kí n sọ ohun táwọn yòókù ń sáré lé, kó má baà dà bíi pé wọ́n ya wèrè. Bí humpback bá fẹ́ lọ sísàlẹ̀ ibú, á kọ́kọ́ tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ kọrọdọ, á sì wá gbé ìrù rẹ̀ sókè kúrò nínú omi. Abẹ́ ìrù yẹn, dúdú àti funfun, ti ẹnì kan kò jọ ti ẹnì kejì. Òun ni àwọn onímọ̀ fi ń dá wọn mọ̀. Abo kan wà tí wọ́n sọ ní Salt, nítorí àpá funfun tó wà lára lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀. Láti àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n lójú òkun Massachusetts, wọ́n sì rí òun yìí kan náà nínú omi Dominican Republic. Báyìí ni wọ́n ṣe mọ ibi táwọn ti Massachusetts ń lọ nígbà òtútù. Lónìí, arìnrìn-àjò tó bá ya ìrù àbùùbùtán lè fi fótò náà ránṣẹ́ sí ètò kan tí wọ́n ń pè ní Happywhale, kí kọ̀ǹpútà bá a wá ẹni tó ni ín. Fótò ìrù kan ṣoṣo tó mọ́ lè sọ ibi tí ẹran kan rìn dé láti ọdún dé ọdún.

Onífótò ya púpọ̀. Àmọ́ láti ibi ayẹyẹ ọjọ́ìbí tó ti ya fótò lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, nínú gbọ̀ngàn tí iná rẹ̀ ò mọ́lẹ̀, kò yí ohunkóhun padà lára kámẹ́rà náà. Afinimọ̀nà ti ní kí wọ́n jẹ́ kí ojú kámẹ́rà máa ṣí, kó sì máa pa dé, láàárín ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Tirẹ̀ ṣì ń ṣí ojú, ó ń pa á dé bó ṣe wù ú. Èyí tó mọ́ díẹ̀ nínú wọn ni ti omi tó tẹ́jú rọ̀bọ̀tọ̀, èyí tí ìrù àbùùbùtán máa ń fi sílẹ̀ lójú omi lẹ́yìn tó bá ti lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ibi tí àbùùbùtán ti kúrò, kí ó ránṣẹ́ sí mi.

Ó tún ní kí awakọ̀ sún mọ́ wọn dáadáa, kí owó òun lè tó owó. Awakọ̀ ò dá a lóhùn, ó sì nídìí. New Bedford tí kò jìnnà síbẹ̀ ti fìgbà kan di olówó nítorí òróró àbùùbùtán tí wọ́n fi ń tan fìtílà, irú àwọn àbùùbùtán kan tí wọ́n pa nígbà náà ò sì tíì padà bọ̀ sípò tán. Irú èyí tí wọ́n ń pè ní right whale ti Àtìláńtíìkì Àríwá, èyí tó kù láyé nínú wọn kò tó 400. Ọkọ̀ tó ń gbá wọn àti okùn àwọn apẹja tó ń wé mọ́ wọn lára ló ń pa wọ́n báyìí, òfin sì ní kí ọkọ̀ jìnnà sí wọn ní 500 yáàdì.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n lọ sí Plum Island, lẹ́bàá ìlú Newburyport. Ilẹ̀ ibẹ̀ kì í mì, ìyẹn sì tu Onífótò lára. Parker River ni wọ́n ń pe ibi ààbò ẹyẹ tó wà níbẹ̀ láti 1941, irú ẹyẹ tí wọ́n ti rí níbẹ̀ sì ju 300 lọ. Nígbà ìwọ́wé, alápàáǹdẹ̀dẹ̀ máa ń kóra jọ níbẹ̀ lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún, wọn á máa jẹ èso igbó orí iyanrìn kí wọ́n tó lọ. Ẹyẹ kékeré kan tún wà, blackpoll warbler, tó wúwo bíi gíráàmù 12. Á jẹun títí á fi sanra, á wá gbéra láti etíkun, á sì fò kọjá lórí òkun Àtìláńtíìkì láìbà síbì kankan. Ní 2015, àwọn onímọ̀ tó so ẹ̀rọ tíntìntín mọ́ díẹ̀ nínú wọn lẹ́yìn fi hàn pé wọ́n fò tó kìlómítà 2,270 sí 2,770, láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, kí wọ́n tó fẹsẹ̀ kan erékùṣù bíi Puerto Rico.

Ẹyẹ tí kò tó nǹkan ò wu Onífótò. Òwìwí funfun tó ń wá láti ìhà yìnyín òkè lọ́hùn-ún ló ń wá. Ó sì rí i! Ó jókòó sínú koríko àbàtà, ó funfun, kò mira. Onífótò dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó ń fà nílẹ̀, ó ń yà á, ó ń fà, ó ń yà á. Kí afinimọ̀nà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ lórí WhatsApp. Afinimọ̀nà fi awò rẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó ní òwìwí yẹn kì í sábà dé ṣáájú oṣù kọkànlá. Kẹ́ẹ̀gì oògùn ìfọṣọ ni èyí, omi òkun ló gbé e wá.

Ìyá rẹ̀ ti ń pè. "Òwìwí? Ìwọ ọmọ yìí, gbogbo ààwẹ̀ tí mò ń gbà lórí rẹ, òwìwí lo wá lọ bá nínú igbó òyìnbó?" Nígbà tó gbọ́ pé kẹ́ẹ̀gì ni, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ìṣẹ́gun.

Ibẹ̀ náà ló ti já ewé pupa kan tó rẹwà, ewé mẹ́ta lórí ọ̀pá kan, ó fi í síwájú lẹ́ǹsì kí fótò lè ní àwọ̀. Poison ivy ni wọ́n ń pè é. Wèrèpè ilé wa á jẹ ọ́ lójú ẹsẹ̀, wàá sì mọ̀ pé òun ni. Eléyìí á fún ọ ní ọjọ́ kan tàbí méjì kó tó bẹ̀rẹ̀. Oje rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ nǹkan fún ìgbà pípẹ́, títí kan okùn kámẹ́rà tí èèyàn gbé kọ́rùn. Ẹ fojú inú wo ọrùn náà.

Pẹ̀lú ọrùn yẹn ló fi dé New Hampshire. Ojú ọ̀run ṣú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà kí òjò má rọ̀. Bí ó bá ní nọ́ńbà àwọn tó ń so òjò rọ̀ níbi ìnáwó nílé ni, ì bá ti pè wọ́n. Afinimọ̀nà ń gbàdúrà tirẹ̀ pé kí ìkùukùu dúró. Oòrùn ọ̀sángangan máa ń mú kí ewé máa kọ mànà, àwọ̀ á sì ṣá. Lábẹ́ ìkùukùu, bí ewé bá tutù díẹ̀, pupa á pupa tán. Àdúrà afinimọ̀nà ló gbà.

Ọjọ́ tí ewé máa pọ́n, kò sẹ́ni tó lè bá a dá a. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, èròjà aláwọ̀ ewé tí igi fi ń ṣe oúnjẹ látinú ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló bo àwọ̀ yòókù mọ́lẹ̀. Bí ọ̀sán bá ń kúrú, igi ò ní ṣe é mọ́, àwọ̀ ìyeyè tó ti wà níbẹ̀ látilẹ̀ á wá yọjú. Pupa ti igi máapù kò rí bẹ́ẹ̀: tuntun ni igi náà ń ṣe é, látinú ṣúgà tó há sínú ewé, ó sì máa ń dára jù bí oòrùn bá ràn lọ́sàn-án tí òru sì tutù láìdi yìnyín.

Onífótò ní owó ẹyọ sẹ́ǹtì 25 kan nínú àpò, ti New Hampshire, èyí tí wọ́n ṣe ní 2000. Ojú bàbá arúgbó kan tí òkúta ṣe fúnra rẹ̀ lára òkè ló wà lára rẹ̀, Old Man of the Mountain. Ó ti rí ojú kan náà lára àwọn pátákó ojú pópó bí wọ́n ṣe ń bọ̀. Nígbà tí wọ́n dé Franconia Notch, ibi tí òkè náà wà, kò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ó wojú òkè, ó rí imú. Ó rí àgbọ̀n. Ó yà á láti oríṣiríṣi ìhà, ó gbé e sórí WhatsApp ẹbí, ó kọ ọ̀rọ̀ tó gùn sábẹ́ rẹ̀ nípa iṣẹ́ ọwọ́ Ẹlẹ́dàá.

Àbúrò rẹ̀ kan ní Ìbàdàn, tí kò tíì wọ bàálù rí, ló kọ́kọ́ fèsì: "Bọ̀dá, wọ́n ní ó ti wó o."

Òótọ́ ni. Ojú náà ga tó 40 ẹsẹ̀ bàtà, ó sì wà ní 1,200 ẹsẹ̀ bàtà lókè adágún tó wà nísàlẹ̀. Yìnyín tó ń dì tó ń yọ́ nínú àlàfo òkúta ló ń jẹ ẹ́ láti inú. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń fi irin àti símẹ́ńtì dì í mú, títí di òru tó mọ́jú ọjọ́ kẹta oṣù karùn-ún 2003 tó fi já bọ́. Àwọn ọ̀pá irin kan wà létí adágún báyìí. Bí èèyàn bá dúró síbi tó bá gíga rẹ̀ mu, tó sì fojú kan wo òkè láti ara wọn, á rí bí ojú náà ṣe rí tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yìn Onífótò ni wọ́n wà ní gbogbo ìgbà tó ń ya imú.

Ẹ̀yin tó bá fẹ́ lọ, ẹ lọ. Mi ò tíì rí owó tí mo ná tó dára tó bẹ́ẹ̀. Ẹ wọ ẹ̀wù tó nípọn, torí òtútù ojú òkun ju ti orí ilẹ̀ lọ, ẹ sì jẹ́ kí búrẹ́dì gbígbẹ tó yín ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Ewé orí àwọn òkè New Hampshire sábà máa ń pọ́n jù ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ oṣù kẹwàá. Ọjọ́ Ajé kejì oṣù náà jẹ́ ìsinmi ìjọba, ọkọ̀ á sì dí ọ̀nà Kancamagus pa, láti Lincoln títí dé Conway, ó lé ní máìlì 34, kò sì sí ilé epo kankan láàárín rẹ̀. Ẹ rọ epo kún táǹkì kí ẹ tó kúrò ní Lincoln.