Omi Dídùn Bàbá Káfíńtà

Ẹ sún mọ́bí, kí n má baà pariwo. Ta ni kò mọ kànga ilé wa ní Bẹẹrẹ? Bàbá Káfíńtà ní kò sómi tó dùn tó o n'Ìbàdàn. Tí a bá bu ife kan fún wọn, wọ́n á kọ́kọ́ gbé e sójú oòrùn, wọ́n á mu díẹ̀, wọ́n á wá mi orí bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ ìyàwó tuntun wò. "Ó mọ́ gaara!" Ó máa mọ́ kẹ̀! Ṣebí álọ́ọ̀mù tí Ìyá Ìbejì ń rò sí i ló ń rẹ ìdọ̀tí sílẹ̀. Álọ́ọ̀mù ò sì pa kòkòrò àìsàn. Ṣáláńgá wa sì rèé, téèyàn bá sín níbẹ̀, ẹni tó ń fami á kí i pé pẹ̀lẹ́.

Àfi ìgbà tí ọmọ Ìyá Ìbejì tó jẹ́ nọ́ọ̀sì wálé. Ọmọ yẹn lẹ́nu ju ìyá rẹ̀ lọ, ẹ̀yin náà sì mọ ìyá rẹ̀! Ó ní lọ́dún 1854, opó kan ń gbé ní Hampstead, ní Lọ́ńdọ̀nù, tó ń ránni lọ gbé omi bóńbù Broad Street wá fún un, nítorí pé ó dùn. Bẹ́ẹ̀, ọ̀nà jìn o! Kọ́lẹ́rà ló pa á. Ihò ìgbẹ́ ló ń jò sínú kànga tí bóńbù yẹn ń fà. Dókítà John Snow ló fura, tó jẹ́ kí wọ́n yọ ọwọ́ bóńbù náà. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìpọntí àdúgbò ọ̀hún ńkọ́? Bíà ni wọ́n ń mu, kọ́lẹ́rà ò pa ìkankan nínú wọn.

"Mo ti ń sọ ọ́!" ni Bàbá wí. Bíà nìkan létí wọn gbọ́.

Nọ́ọ̀sì ní rárá o, ẹ se omi mímu títí á fi hó yaya fún ìṣẹ́jú kan, kẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀ sínú ike tó lómorí. Kẹ́ ẹ sì dé kànga, kí ìdọ̀tí má máa já sí i.

Ìdérí yìí ló wọ Bàbá lọ́kàn, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ṣáà ni. Pákó tó nípọn, àgádágodo ràgàjì lórí ẹ̀, kọ́kọ́rọ́ nínú fìlà. Wọ́n wá dé fìlà ọ̀hún lọ síbi ìkómọ n'Ísẹ́yìn! Gbogbo ilé fi korobá òfìfo jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú. Bí Bàbá ṣe wọlé báyìí, kí la kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu wọn?

"Ẹ fún mi lómi mu."