Òtítọ́ Dọ́jà, Wọ́n Ní Kó Mú Síífì Wá

Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ẹni tó bá rò pé Ọjà Ọba ní Òṣogbo tàbí Àtàkúnmọ̀sà ní Iléṣà ni àwọn àgbà ń bá wí, kò tíì jókòó síbi tí wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ wá olùwáṣẹ́ lẹ́nu wò. Níbẹ̀ ni èké ti ń wọ kóòtù, tó ń so táì.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi kúrò níbi iṣẹ́ àná?" Ẹni tí wọ́n lé ní ọ̀sán gangan á tún táì ṣe, á ní òun ń wá ibi tí ìmọ̀ òun yóò ti gbòòrò. Òmíràn á ní òun fẹ́ fi àyè sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́. Ọmọ ọdún 27 ni.

Bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń bò mọ́lẹ̀ yìí, gbogbo ayé ló ti gbọ́ ọ. Lọ́dún 1975, òṣìṣẹ́ ọba tó lé ní 10,000 ni ìjọba Murtala Muhammed yọ níṣẹ́, lójú ẹsẹ̀. Ní Ọ̀ṣun níbí, ọjọ́ 27 oṣù Kọkànlá ọdún 2022 ni Gómìnà Adémọ́lá Adélékè gorí àléfà. Kíá ló wọ́gi lé gbogbo iṣẹ́ tí ìjọba Gbóyèga Oyètọ́lá fúnni lẹ́yìn ọjọ́ 17 oṣù Keje ọdún náà. Olùkọ́ bí 1,500 ló fara gbá a. Bí ọ̀kan nínú wọn bá wá jókòó níwájú ọ̀gá iléèwé aládàáni kan ní Iléṣà, tó ní òun ló fi iṣẹ́ ọba sílẹ̀, ta ló ń tàn? Ṣebí Ọ̀ṣun ni ọ̀gá náà ń gbé.

Lílé ò dọ́gba. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà pàápàá sọ pé bí iṣẹ́ bá dín kù, ẹni tó dé kẹ́yìn ni yóò kọ́kọ́ lọ, àyàfi bí òye àti ìṣeéfọkàntán wọn bá yàtọ̀. Gbólóhùn kan ti tó ẹni tí wọ́n lé bẹ́ẹ̀ láti fi dáhùn. Ti ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ fà á ló le: kó sọ ohun tó ṣe, kó sọ ohun tó ti yí padà, kó sì pa ẹnu mọ́. Ẹni tó bá jókòó tó ń bú ọ̀gá àná, ọ̀gá tuntun ti ń gbọ́ èébú tirẹ̀ níbẹ̀.

Àmọ́ àwọn tó ń rajà ló sọ èké di ọ̀wọ́n. "Ẹ sọ òtítọ́ fún wa o!" Olùwáṣẹ́ ní wọ́n lé òun, gègé dúró, wọ́n ní àwọn á pè é. Ẹni tó so táì gba lẹ́tà. Nígbà tí èsì bá dé láti ibi iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́, wọ́n á wá figbe ta pé wọ́n lu àwọn ní jìbìtì.

Àwọn òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà ìbá yanjú ọ̀ràn yìí. Láyé àtijọ́, àwìn ni wọ́n ń ta aṣọ kiri abúlé. Bó bá tó àkókò, wọ́n á padà wá lóṣòó ti onígbèsè títí owó yóò fi jáde. Àwìn ni òtítọ́ níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ó lè náni ní iṣẹ́ kan, kó tún náni ní èkejì. Ṣùgbọ́n níbi tó bá ti wọlé, kò sí lẹ́tà tó ń bọ̀ tí yóò lé oorun lójú ẹni.

Ẹ sì wo Oyètọ́lá. Ìdìbò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ojú gbogbo ayé ní 2022. Ní oṣù Kẹjọ 2023, àwọn sẹ́nétọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, ó di mínísítà. Kò sí ẹni tí kò mọ ìdí tó fi kúrò níbi iṣẹ́ àná. Olùkọ́ tó gbà síṣẹ́ ló wá ń yá táì kiri.