Lẹ́tà sí Martijn, kọ̀ńdọ́ tí kì í wo ọ̀nà

Martijn Wydaeghe, ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù, afinimọ̀nà nínú ìdíje ráálì,

Ṣé ẹ̀yìn ò dùn ọ́? Mo mọ̀ pé ará ilé là á kọ́kọ́ béèrè, ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kí mọ́tò máa gbé e fò lórí òkè kí òun sì máa kàwé lọ, eegun ẹ̀yìn rẹ̀ la fi ń kí i.

O ò mọ̀ mí. Èmi mọ̀ ọ́ dáadáa nínú fídíò. Ọ̀gá rẹ, Thierry Neuville, á di sítíárì mú, igi á máa sá kọjá lápá ọ̀tún lápá òsì, ìwọ á dorí kodò sínú ìwé tí o kọ àwọn kọ́nà sí, wàá máa kà á sí i létí, bí ọmọ iléèwé tí kò kàwé títí ìdánwò fi dé. Àwọn àgbà wa ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Tìrẹ, inú ìwé ni.

Nílùú Èkó, a ní àwọn tí iṣẹ́ wọn jọ tìrẹ. Kọ̀ńdọ́ là ń pè wọ́n. Kọ̀ńdọ́ dáńfó á so rọ̀ sẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀, á máa pariwo "Ó ń bọ́ọ́lẹ̀ o!", á máa na ọwọ́ sí ẹni tó fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá. Ṣùgbọ́n òun ń rí ohun tó ń pariwo lé lórí. Ìwọ ò rí nǹkan kan. Ó pẹ́ tí mo ti ń bi ara mi pé báwo lo ṣe ń mọ ibi tí ẹ dé nínú ìwé yẹn, kó tó yé mi pé ìdí ni. Bí mọ́tò bá tẹ̀ sápá kan, bí ó bá fò, bí bíréèkì bá fà á sẹ́yìn, ìdí afinimọ̀nà lórí àga ló ń gbọ́ ọ. Mo ti rí ẹni tó ń fi orí ṣiṣẹ́, mo ti rí ẹni tó ń fi ọwọ́ ṣe é. Ẹ̀yin nìkan ni mo mọ̀ tó ń fi ìdí kàwé.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ oṣù kìíní ọdún 2021 gan-an ni mo tìtorí rẹ̀ mú bírò. Láti ọdún 2011 ni Nicolas Gilsoul ti ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Neuville. Wọ́n túká nígbà tó ku nǹkan tí kò tó ọ̀sẹ̀ méjì kí ráálì Monte Carlo ṣí ìdíje àgbáyé ọdún náà. Wọ́n wá pè ọ́. Ọlọ́gbọ́n èèyàn á ní kí wọ́n fún òun ní oṣù mẹ́ta kí òun fi rò ó. Ìwọ mú pẹ́ńsù, o wọ mọ́tò.

Ṣé o tiẹ̀ ronú nípa èdè? Sankt Vith, níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè Jámánì, ni wọ́n bí Neuville sí. Ìwọ, ọmọ Flanders ni ọ́, èdè Dutch lẹ ń sọ nílé. Èdè Faransé sì ni ẹ fi ń pe ọ̀nà. Ọmọ orílẹ̀-èdè kan náà méjì wọ mọ́tò kan, èdè kẹta ni wọ́n fi ń pariwo! Mi ò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín jù, torí ará Ìkálẹ̀ àti ará Ọ̀yọ́ lè jọ sọ Yorùbá fún wákàtí kan kí wọ́n má gbọ́ra yé.

Èdè tiẹ̀ tún kéré. Kí ráálì tó bẹ̀rẹ̀, ẹ óò kọ́kọ́ fi mọ́tò lásán rin ọ̀nà náà jẹ́jẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì péré. Awakọ̀ á máa pè é, afinimọ̀nà á máa kọ ọ́. Orúkọ tó bá pe kọ́nà lo gbọ́dọ̀ pè é. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ń fi nọ́ńbà 1 dé 6 díwọ̀n bí kọ́nà ṣe ṣẹ́ tó: lọ́dọ̀ àwọn kan, 6 ni ibi téèyàn ti lè sáré jù; lọ́dọ̀ àwọn mìíràn, 1 ni. Ẹni tó bá kúrò lọ́dọ̀ ti àkọ́kọ́ bọ́ sọ́dọ̀ ti èkejì, àfi kó fọ ẹnu ara rẹ̀ mọ́, torí àṣìṣe inú ìwé yìí kì í gba bírò pupa. Igi ló ń gbà.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu ló wá le jù. Ìyàwó mi ti ń júwe ọ̀nà fún mi láti ìgbà tí a ti fẹ́ra. Lọ́jọ́ kan, lójú títì Ìbàdàn sí Ifẹ̀, ó ní, "Kòtò!" Mo ní, "Níbo?" Ó ní, "Èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sí yẹn." Òótọ́ ni, kòtò ni. Bí ó bá sì tún yá jù, màá ti gbàgbé kí n tó débẹ̀. Awakọ̀ kan ń fẹ́ kí kọ́nà méjì ti wà létí òun ṣáájú, òmíràn ò fẹ́ ju ẹyọ kan lọ. Etí ẹni náà lèèyàn ń kọ́, bí onílù ṣe ń kọ́ ẹsẹ̀ oníjó, odindi ọdún ló sì máa ń gbà. Orí yìnyín ni ìwọ ti lọ kọ́ ọ, ní àwọn òkè Alps lágbègbè Gap, níbi tí àwọn kan ti ń ṣáájú yín wo ibi tí yìnyín dì sí, tí ìwọ á tún máa fi pẹ́ńsù tún ìwé tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ tán ṣe. Ẹ ṣe ipò kẹta ní Monte Carlo yẹn, lẹ́yìn àwọn awakọ̀ Ogier àti Evans. Ojú ti èmi àti ìyàwó mi.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ràn nínú iṣẹ́ rẹ ṣá o. Ìwọ lo ń di káàdì àkókò mú. Bí ẹ bá fi ìṣẹ́jú kan pẹ́ dé ibi àyẹ̀wò, ìṣẹ́jú àáyá 10 ni wọ́n ń fi kún àkókò yín. Bí ẹ bá fi ìṣẹ́jú kan yá, odindi ìṣẹ́jú kan ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka òfin yìí. Gbogbo ayé mi ni wọ́n ti ń fi pípẹ́ bú wa ní Nàìjíríà, àṣé ibì kan wà tí ẹni tó yá ti ń jẹ̀bi ju ẹni tó pẹ́ lọ! Mo ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, mo ń dúró de ẹni tó máa pè mí sípàdé.

Lọ́dún 2024, ní Jàpáánì, ẹ di ọ̀gá àgbáyé. Neuville ti ṣe ipò kejì lẹ́ẹ̀marùn-ún kí o tó dé, ṣùgbọ́n Neuville, Neuville ni gbogbo ẹnu ń pè. Bẹ́ẹ̀ afinimọ̀nà ní oyè tirẹ̀ lọ́tọ̀. Má bínú, wọn kì í kọrin kọ̀ńdọ́ l'Ékòó náà.

Ìbéèrè kan ló kù. Ní oṣù kẹjọ 2021, ìdíje àgbáyé dé Bẹ́ljíọ̀mù fún ìgbà àkọ́kọ́, ní Ypres, ní Flanders lọ́dọ̀ yín. Ẹ̀yin lẹ sì gbé e. Ṣé o gbójú sókè wo ilé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àbí inú ìwé náà lo ti gba ibẹ̀ kọjá?

Èmi ni,
Dẹ́rẹ́bà ìyàwó mi, Ìbàdàn.