Ẹ Má Dá Nọ́ọ̀tì Lẹ́bi

Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023 ni baálé ilé gbogbo ti di mẹkáníìkì. Owó iṣẹ́ gòkè, ọwọ́ onímọ́tò kúrú, oníkálukú bá ra sípánà. Ẹ rìn kiri àdúgbò lọ́jọ́ Sátidé, ẹsẹ̀ lẹ ó máa rí lábẹ́ mọ́tò: ẹsẹ̀ tíṣà, ẹsẹ̀ díákónì, ẹsẹ̀ ọ̀gá báńkì tó ti fẹ̀yìn tì. Ibì kan náà ni gbogbo wọn ń bá fà á: ibi tí páìpù èéfín ti so mọ́ sàlẹ́ńsà, tí nọ́ọ̀tì méjì péré jókòó sí, tí wọ́n ní àwọn ò lọ ibì kankan.

Èpè tí nọ́ọ̀tì wọ̀nyí ń gbà ti pọ̀ jù. Èmi ni mo máa ṣe agbẹjọ́rò wọn lónìí.

Ẹ̀sùn wo lẹ fi kàn wọ́n? Pé wọ́n dógùn-ún. Ẹ jẹ́ ká tọ ọ̀rọ̀ náà dé orísun rẹ̀. Ní Yúróòpù àti àríwá Amẹ́ríkà, tí yìnyín bá bo títì nígbà òtútù, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sí i kó lè yọ́. Inú omi iyọ̀ yẹn ni mọ́tò ń rìn lọ́dọọdún, ìyẹn ló sì ń jẹ́ kí ìpáàrà yára mú irin. Nígbà tí òyìnbó bá rí i pé abẹ́ rẹ̀ ti ń jẹrà, á tà á fún àwọn oníṣòwò àdúgbò Heyvaert ní Brussels, ó di èbúté Antwerp, ó di Kútọnu tàbí Èkó. Àwa á wá sanwó kọ́sítọ́ọ̀mù lórí rẹ̀, àti mọ́tò àti iyọ̀. Láti oṣù kìíní ọdún 2017 ni ìjọba ti ní kí mọ́tò má gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé mọ́. Ìpáàrà ò gbọ́ òfin yẹn, àwọn tó ń gba inú igbó gbé e wọlé náà ò gbọ́ ọ.

Ẹni tó máa tà á fún yín á wá fi ọ̀dà dúdú kun abẹ́ rẹ̀ dáadáa. Á ní, "Alàgbà, ẹ wò ó, ìyá arúgbó kan ló ń gbé e lọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday nìkan." Kò sí tòkunbọ̀ tó wọ Nàìjíríà tí ìyá yẹn kò gbé lọ ṣọ́ọ̀ṣì rí. Ìyá náà mà fẹ́ràn Ọlọ́run o!

Nọ́ọ̀tì nìkan ni kò bá wọn purọ́. Ìpáàrà a máa gba àyè ju irin tó jẹ lọ. Bó bá wú tán láàárín nọ́ọ̀tì àti bóòtì, wọ́n ti di ara kan nìyẹn. Ẹ má sì fi gbogbo ẹ̀bi ru òyìnbó. Epo tó bá jóná nínú ẹ́ńjìnnì a máa di omi pẹ̀lú èéfín. Ẹni tó ń gbé mọ́tò láti ilé dé ilé ọtí tó wà ní kọ̀rọ̀ kejì kì í jẹ́ kí páìpù gbóná tó láti gbẹ, inú sàlẹ́ńsà ni omi náà ń sùn.

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, àwọn amòye àdúgbò á ti pé. Ọ̀kan ní kẹrosín ni kẹ́ ẹ dà sí i. Ọ̀kan ní Coca-Cola. Alákọ̀wé wọn gbé WD-40 dé, èyí tí wọ́n ṣe ní San Diego lọ́dún 1953 láti fi lé omi kúrò lára irin. Wọ́n fín in, wọ́n dúró ìṣẹ́jú kan, wọ́n gun orí sípánà. Ohun tó ti ń dì láti ayé Ọbásanjọ́! Irú epo bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ òru kan gbáko, kẹ́ ẹ tún fín in láàárọ̀, kẹ́ ẹ sì máa fi hámà kàn án pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ kó lè ráyè wọlé. Ọmọ Nàìjíríà tó lè tò sórí ìlà epo láti àárọ̀ di alẹ́ ò lè dúró de nọ́ọ̀tì.

Ẹni tó da kẹrosín sí i tán ló tún ń pariwo pé kí wọ́n pe wẹ́dà kó mú iná wá. Lóòótọ́, iná ń mú kí nọ́ọ̀tì fẹ̀, ìpáàrà á sì là. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè ibi tí táńkì epo wà. Ẹlòmíràn ti lo ọ̀sán kan lábẹ́ mọ́tò, ṣe ló ń fún un le sí i, torí ọ̀tún ti di òsì lójú ẹni tó nà gbalaja. Orí búlọ́ọ̀kù ló sì gbé mọ́tò lé, irú búlọ́ọ̀kù tí ilé ń torí ẹ̀ wó l'Ékòó.

Tẹ́ ẹ bá bi mí, ẹ gé e. Ẹ fi ayùn irin gé bóòtì náà, kẹ́ ẹ ra tuntun, kẹ́ ẹ sì ra gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun mọ́ ọn, torí èéfín tó bá ń jò níbẹ̀ lè wọ inú mọ́tò, èyí tó ń pani nínú rẹ̀ kò sì ní òórùn. Agolo mílíìkì àti wáyà kọ́ ni gásíkẹ́ẹ̀tì, ẹ̀yin ará Ìbàdàn.

Tẹ́ ẹ bá ń de tuntun náà, díẹ̀ nínú gíríìsì tó lè fara da ooru lórí bóòtì kò ní jẹ́ kó tètè dógùn-ún. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ ná owó gíríìsì? Ẹni tó máa tú u lọ́jọ́ iwájú kò tíì ra mọ́tò náà lọ́wọ́ wa.