Ọ̀lẹ Tó Tètè Parí Iṣẹ́

Bí ẹ bá fẹ́ níyì ní Ìpè-Àkókó, ẹ má tètè ti oko dé. Àgbẹ̀ tó bá wọ̀lú ní ìrọ̀lẹ́, tí ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀, tó ń fọwọ́ di ìbàdí mú, òun ni gbogbo ojúde ń kí: "Bàbá, ẹ kú làálàá o!" Ẹ má bi í pé ebè mélòó ló kọ. Àrífín nìyẹn. Bó bá jẹ́ abẹ́ igi kòkó ló sùn sí láti aago mọ́kànlá ńkọ́?

Ẹ wá wo ọmọ rẹ̀. Ó gbé tánkì kọ́ ẹ̀yìn láàárọ̀ kùtù, ó fín koríko tí bàbá rẹ̀ ìbá fi ọkọ́ ro fún ọ̀sẹ̀ kan, ó sì ti dé ìdí ayò kí oòrùn tó mú. Àwọn àgbà mirí: "Ọmọ ìsinsìnyí! Ọ̀lẹ paraku." Ìyá rẹ̀ fà á sí kọ̀rọ̀: "Ọmọ mi, má bà mí lórúkọ jẹ́. Bí o bá parí, rọra jókòó sóko di ìrọ̀lẹ́."

Wọ́n á ní bí àwọn baba ńlá wa ṣe ṣe é nìyẹn. Irọ́ ni. Ṣebí àwọn ló ń dá àáró: oko lágbájá lónìí, oko tàmẹ̀dò lọ́la, kí ilẹ̀ lè ṣe é gbìn kí òjò tó kọjá lọ. Ẹni tó bá ń fà sẹ́yìn láàárín ẹgbẹ́ ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà. Ní ọjà Ìkàrẹ́ lónìí, obìnrin tí gààrí rẹ̀ tán kí ọ̀sán tó pọ́n, ta ní ń bi í pé báwo ló ṣe tà á? Wọ́n ti mọ̀: àwúre ni.

Kì í ṣe àwa nìkan, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ojú tì wá jù. Ní 1955, Gẹ̀ẹ́sì kan, Northcote Parkinson, kọ ọ́ sínú The Economist pé bí àkókò bá ṣe gùn tó ni iṣẹ́ ń wú tó. Ó ka ọkọ̀ ogun ńláńlá tí ìlú rẹ̀ ní: 62 ní 1914, 20 péré ní 1928. Àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì tó ń bójú tó wọn ńkọ́? Láti 2,000, wọ́n di 3,569. Ọkọ̀ ń tán, akọ̀wé ń bí sí i.

Ó yẹ kí Parkinson yìí wá gba ìwé ẹ̀rí ọmọ ìlú ní káńsù wa. Òǹtẹ̀ kan ṣoṣo ló kù. Òǹtẹ̀ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù wà lápò ọ̀gá, ọ̀gá sì wà níbi ìkómọ ní Ọ̀kà. Ṣùgbọ́n gbogbo ọ́fíìsì ló ń sáré sókè sódò. Ọwọ́ wọn dí.

Ká ní wọ́n tilẹ̀ gbé kọ̀ǹpútà wá, tó ń tẹ ìwé náà jáde ní ìṣẹ́jú méjì. Wọ́n á gba ẹnì kan síṣẹ́ tí yóò máa tàn án, ẹnì kan tí yóò máa rọ epo sí jẹnẹrétọ̀, àti ẹnì kan tí yóò máa sọ fún yín pé kí ẹ padà wá ní Ọjọ́bọ̀. Ìwé tó jáde ní ìṣẹ́jú méjì, ta ló máa gbà pé ojúlówó ni?